Kí Wọ́n Tó Yọ Kátáráàtì: Ohun Tí Ọjọ́ Àyẹ̀wò Wà Fún

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ tẹ̀ lé wọn wá, mo kí yín o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn níbí. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kátáráàtì ló wà lójú rẹ̀ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é?" Èyí tó tẹ̀ lé e ni, "Èló ni?" Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó máa béèrè pé, "Kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni kí n mú dání wá?" Bí wọ́n bá gbọ́ pé a máa wọn ojú, pé a máa kán oògùn sí i, pé a máa gba ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn á fajú ro, wọ́n á ní owó la fẹ́ gbà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn ni wọ́n ti ń pinnu bí ẹ ṣe máa ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Dókítà lè mọ iṣẹ́ abẹ bí ẹní mowó, kí ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́, síbẹ̀ bí àyẹ̀wò tó ṣáájú bá mẹ́hẹ, ìríran tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ jáde máa mẹ́hẹ náà. Apá tó pọ̀ nínú kí àyẹ̀wò náà pé sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe é.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ohun tí kátáráàtì jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé awọ kan ló hù bo ojú, pé a kàn máa bó o kúrò. Dígí kékeré kan wà nínú ẹyin ojú, lẹ́yìn ihò dúdú tí à ń pè ní ọmọlójú. Ó mọ́ gaara láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, òun ló sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí awọ tó wà lẹ́yìn ojú lọ́hùn-ún. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, dígí yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ìran á máa ṣe bàìbàì, títí dígí náà á fi funfun. Àtọ̀gbẹ lè mú kó yá, kí nǹkan gbá ojú lè fà á, àwọn oògùn kan náà sì lè fà á. Kò sí oògùn ìkánsójú tó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì sí àgbo tó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, tí wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè wò, kátáráàtì ló fa nǹkan bí 43 nínú gbogbo 100 ẹni tí ojú wọn fọ́. Gílókómà, àìsàn ojú mìíràn, ló tẹ̀ lé e, òun fa nǹkan bí 17 nínú 100. Ẹ fi àwọn méjèèjì sọ́kàn, torí inú ojú kan náà ni wọ́n lè wà pọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò ń wá nìyẹn: ṣé kátáráàtì yìí nìkan ló ń jí ìríran yín, àbí nǹkan mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀? Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Funfun tí gbogbo ayé ń rí lójú bàbá lè bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Ara iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ ni gílókómà ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, èyí tó bá sì ti pa níbẹ̀ kì í padà. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́. Bí a kò bá wá àwọn nǹkan wọ̀nyí kàn ṣáájú, a máa yọ kátáráàtì tán, ìran kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ́, gbogbo ẹbí á sì máa sọ pé iṣẹ́ abẹ ló fọ́ ojú bàbá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń lé ẹni mẹ́wàá mìíràn sá ní àdúgbò, àwọn tí iṣẹ́ abẹ náà ì bá la ojú wọn.

Nítorí náà, bí a bá gbé yín jókòó síwájú pátákó lẹ́tà, tí a ní kí ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, ohun tí ẹ bá rí gan-an ni kí ẹ sọ. Ẹni tí kò kàwé ní pátákó tirẹ̀: lẹ́tà E ni gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ máa fi ọwọ́ júwe ibi tó kọjú sí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn á ti há lẹ́tà sórí látẹnu ẹni tó ṣáájú wọn. Mo ti rí ọmọ tó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀ tó ń sọ ìdáhùn sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, ìfẹ́ ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ kí bàbá òun "féèlì." Kò sẹ́ni tó ń féèlì níbẹ̀. Bí ẹ bá méfò tí ẹ sì gbà á, ìwé yín máa sọ pé ojú yín ríran ju bó ṣe rí lọ, ìyẹn sì lè sún iṣẹ́ abẹ yín síwájú.

Bí lẹ́tà kò bá ṣeé rí mọ́, a máa ní kí ẹ ka ìka ọwọ́. Bí ìka kò bá ṣeé kà, a máa ju ọwọ́ síwájú yín. Bí ìyẹn náà kò bá hàn, a máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà látòkè, látìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a máa béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ibí yìí ni mo ti máa ń bẹ àwọn àgbà jù. Kátáráàtì, bó ti wù kó funfun tó, kì í dí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì pa. Ẹni tí kátáráàtì nìkan ń bá jà gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí iná ti ń bọ̀. Bí apá kan kò bá hàn sí i rárá, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ojú, ó sì yẹ kí dókítà mọ̀ kó tó mú abẹ. Bí ẹ bá sọ pé "mo rí i" nígbà tí ẹ kò rí i, ara yín lẹ ń pa á mọ́ fún.

Lẹ́yìn èyí ni a máa wọn bí omi inú ojú ṣe ń tì í tó. Iye tó wọ́pọ̀ lójú tó dá ṣáṣá jẹ́ láàárín 10 sí 21. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri sí i, kò ní dùn yín. Ẹ má ṣe di mímí yín, ẹ má fún ojú pọ̀, bí ọrùn aṣọ bá sì ń há yín, ẹ tú bọ́tìnnì rẹ̀, nítorí gbogbo ìwọ̀nyẹn lè mú kí iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. A tún máa kán oògùn tó ń la ọmọlójú, kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ojú. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ á máa gún yín lójú, ìwé kò sì ní ṣeé kà fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí kátáráàtì bá ti funfun jù, tí dókítà kò lè rí ẹ̀yìn ojú, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ìpéǹpéjú tí ẹ bá dijú, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Ó máa fi hàn bóyá awọ ẹ̀yìn ojú ti ṣí kúrò láyè rẹ̀.

Ó wá kan wíwọn ojú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti dúró pẹ́ díẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn kò kà sí jù lọ. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá yọ dígí inú ojú, wọn kì í fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ẹni náà á máa wọ awò tó nípọn bí ìsàlẹ̀ ìgò títí dọjọ́ alẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ojú kan ní London, Harold Ridley, ṣàkíyèsí pé àfọ́kù ike láti ara ìbòrí ọkọ̀ òfuurufú wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun, ojú wọn kò sì bínú sí ike náà. Ó ronú kan pé wọ́n lè fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe dígí tuntun fún inú ojú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ọsibítù St Thomas', ó fi irú rẹ̀ sínú ojú obìnrin kan, òun sì ni àkọ́kọ́ lágbàáyé. Dígí náà jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ojú yẹn nílò lọ, obìnrin náà kò sì lè rí ọ̀ọ́kán láìwọ awò tó lágbára gidi gan-an. Iṣẹ́ abẹ yẹn yọrí sí rere, ìwọ̀n ni kò bá a mu.

Ìwọ̀n yẹn ni ẹ̀rọ ń bá wa wá lónìí. Ojú àgbàlagbà, láti iwájú dé ẹ̀yìn, máa ń tó mìlímítà 23 sí 24. Bí a bá fi mìlímítà kan péré ṣì í, ó lè yí agbára awò tí ẹ máa nílò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ padà tó 2.50 sí 3. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wọ awò ìkàwé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. A tún máa wọn bí iwájú ẹyin ojú ṣe tẹ̀ kọrọdọ tó. Àwọn iye wọ̀nyí ni a máa fi ṣírò agbára dígí tí wọ́n máa fi sínú ojú, dígí náà sì máa wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé yín.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà. Ọ̀kan ń fi iná wọn ojú: ẹ máa gbé àgbọ̀n lé e, ẹ máa tẹjú mọ́ àmì kékeré kan, ẹ ó sì dúró jẹ́ẹ́. Kì í fọwọ́ kan ojú rárá. Ìkejì ń fi ìró wọn ọ́n, orí rẹ̀ sì máa ń kan iwájú ẹyin ojú fẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú á dà bí èyí tó kúrú, ìṣírò á sì yí. Bí kátáráàtì bá ti ki jù, iná ti àkọ́kọ́ kò ní lè wọlé, a ó lo ti ìró. Bí a bá ní ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n nígbà kejì tàbí ìkẹta, pàápàá nígbà tí ìwọ̀n ojú ọ̀tún àti tòsì bá jìnnà síra wọn, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ó ń dá wa lójú díẹ̀díẹ̀ ni.

Kí ni ẹ lè ṣe kí ìwọ̀n náà péye? Ẹ má lé tìróò lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fi ìpara kankan sójú láàárọ̀. Ẹni tó ń wọ awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú gbọ́dọ̀ ti bọ́ ọ ṣáájú: èyí tó rọ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó le, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ bi ilé ìwòsàn yín. Awò yẹn máa ń tẹ iwájú ojú, ojú sì nílò àkókò láti padà sí bó ṣe rí. Bákan náà, ẹni tó bá ti gbé òkè òkun, tí wọ́n ti fi iná leésà tún ojú rẹ̀ ṣe rí kó má baà máa wọ awò, kó sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó 20 ọdún sẹ́yìn. Ìṣírò tirẹ̀ yàtọ̀ gedegbe.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jíròrò pẹ̀lú dókítà: ọ̀ọ́kán ni ẹ fẹ́ máa rí láìwọ awò, àbí ìtòsí? Dígí tí wọ́n sábà máa ń lò níbí, ibì kan ló máa ń rí kedere. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń mú ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì máa lo awò láti kàwé. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ránṣọ, tàbí bàbá tó jẹ́ pé Bíbélì tàbí Kùránì ló ń kà láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò wa ọkọ̀ mọ́, lè fẹ́ nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ ń fi ojú yín ṣe nílé bí ẹ kò bá sọ ọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ti pẹ́ jù láti sọ ọ́.

Ní ti ohun tí ẹ máa mú dání, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e wá bó ṣe wà. "Oògùn funfun kékeré kan ni, àárọ̀ ni mo ń lò ó" kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ mú ti ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ẹ mú ti àtọ̀gbẹ wá, ẹ mú èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ẹ̀yin bàbá tí ìtọ̀ kì í tètè dá fún, tí wọ́n fún ní tamsulosin nítorí próstéètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á mọ́ torí pé nọ́ọ̀sì obìnrin ló jókòó síwájú yín. Láti ọdún 2005 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé oògùn yẹn máa ń mú kí awọ tó yí ọmọlójú ká rọ̀, kó máa mì lẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Dókítà tó mọ̀ ṣáájú á ti múra sílẹ̀ fún un. Ẹ má sì dá oògùn kankan dúró fúnra yín, yálà tamsulosin, aspirin tàbí warfarin. Ẹni tó kọ ọ́ fún yín àti dókítà ojú ló máa pinnu.

Oògùn ojú tí ẹ rà ní kẹ́míìsì láìgba ìwé dókítà, ẹ mú un wá pẹ̀lú páálí rẹ̀. Inú àwọn kan ni sítẹ́róìdì wà. Ó máa ń tu ojú lára lóòótọ́, ara á sì tètè yá gágá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó léraléra, ó lè mú kí omi inú ojú máa ti ojú jù, òun fúnra rẹ̀ sì lè fa kátáráàtì. Bí wọ́n bá ti fi ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí omi ewé sójú yín, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Bí ojú bá ń ṣepin, tàbí tó ń ṣomi lápá ibi tó kángun sí imú, a gbọ́dọ̀ wo ìyẹn sàn kí a tó la ojú, kí kòkòrò má baà ráyè wọlé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn èèyàn máa ń fi pamọ́ ni ti àwọn alábẹ́rẹ́ tó ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí tó ti funfun ṣubú sẹ́yìn ojú. Ẹni náà lè ríran díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kó sanwó tayọ̀tayọ̀, kí ojú náà sì fọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Nínú ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lára ojú 583 tí wọ́n ti tọ́jú nítorí kátáráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló fọwọ́ kàn án. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí iye yẹn. Bí wọ́n bá ti ṣe é sí ojú yín kan, ẹ má tijú, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Dókítà nílò àtimọ̀ ni, nítorí dígí náà ṣì wà nínú ojú.

Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, àfi bí ilé ìwòsàn bá sọ pé kí ẹ má jẹun nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ebi para rẹ̀ kí ṣúgà lè wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àyẹ̀wò kan wà tó ń fi bí ṣúgà ti ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, ebi ọjọ́ kan kò tó láti tún un ṣe. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárọ̀ bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Ẹ mú awò tí ẹ ń wọ̀ wá, àtijọ́ àti tuntun, àti káàdì ilé ìwòsàn mìíràn tí ẹ bá ti lọ. Ẹ dé fìlà tàbí kí ẹ mú awò dúdú dání nítorí oòrùn. Ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má sì gun ọ̀kadà lọ sílé ní ẹ̀yin nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe rán ọmọ tó ń gbé ilé kejì tẹ̀ lé ìyá yín. Ọmọlúwàbí lè ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ìyá kì í lè sùn gbalaja lóru torí ikọ́, kò mọ̀ pé wọn kì í gbọ́ràn dáadáa létí òsì. Ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún gbọ́dọ̀ lè fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ìdajì wákàtí láìyíra padà. Bí ikọ́, èémí tàbí ẹ̀yìn dídùn kò bá ní jẹ́ kó ṣeé ṣe, ọjọ́ àyẹ̀wò ni ká ti mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín, ṣùgbọ́n ẹ pe ìyá lórí fóònù lálẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ jọ ka orúkọ oògùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a bá sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín ga, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má wá ibòmíràn tí wọ́n á ti ṣe é lọ́jọ́ náà. Kátáráàtì ọjọ́ ogbó lè dúró ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá kan ti nawọ́ sókè níwájú níbí láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn pé kí àwọn dúró kó "gbó" dáadáa kí àwọn tó lọ. Mà á, ìmọ̀ràn ayé àtijọ́ nìyẹn, ìgbà tí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ́ yàtọ̀. Bó bá gbó jù, ó máa ń le, yíyọ rẹ̀ á sì ṣòro, nígbà mìíràn ó máa ń wú, ó máa ń fa ìrora, ó sì ń mú kí omi inú ojú máa ti ojú jù. Ẹ̀rọ oníná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní lè wọn ojú náà mọ́, dókítà kò sì ní rí ẹ̀yìn ojú tó fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ kò mọ ojú ẹni tó ń kí yín mọ́, tí ẹ ń ṣi náírà kà lọ́jà, tí àtẹ̀gùn ilé yín ń bà yín lẹ́rù lálẹ́, ó ti tó àkókò. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ sì gbé ọ̀rá oògùn yẹn dání.